Lẹ́yìn Tí Ojú Ọgbẹ́ Bá Jiná: Iṣẹ́ Wẹ́fíà fún Ẹni Tí Ọpọlọ Rẹ̀ Fara Pa

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Orí ṣe pàtàkì púpọ̀ láàrin wa. Orí là ń pè ní ẹlẹ́dàá ẹni, orí là ń bọ, orí náà là ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí nǹkan bá ṣẹnuure. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orí inú kọ́ ni mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí; àwọn olùkọ́ wa ti kọ púpọ̀ lórí èyíinì, àwa náà sì ti fi ṣe ìdánwò. Orí òde ni tèmi lónìí: èyí tí eegun agbárí bò, tí ọpọlọ wà nínú rẹ̀, tí ọkọ̀ lè gbá, tí igi lè wó lù, tí ènìyàn sì lè fi sọlẹ̀ láti òkè ilé alájà mẹ́ta.

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, ẹni tó bá fara pa lórí tó sì kú, a mọ bí a ṣe ń ṣe é: a ó sunkún, a ó sì sin ín. Ẹni tó bá kán lẹ́sẹ̀, a mọ tirẹ̀ náà: a ó wá ọ̀pá fún un, gbogbo ẹni tó bá rí i ni yóò sì máa kí i pé ó kú ewu. Ẹni tí a kò mọ bí a ṣe ń ṣe tirẹ̀ ni ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ fara pa, tí kò kú, tí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ jiná, tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde ní ọsibítù, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ẹni àná mọ́. Lójú tèmi, ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa lọ sílé ni wàhálà rẹ̀ ń ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tó kù láti ìgbà náà lọ kì í ṣe ti dókítà nìkan mọ́. Iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn ni, àwọn tí ará ìlú ń pè ní wẹ́fíà. Iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

ỌPỌLỌ NÍNÚ AGBÁRÍ

Ọpọlọ rọ̀. Ẹni tó bá ti rí ọpọlọ ẹran lórí tábìlì alápatà rí kò ní jiyàn. Ẹ jẹ́ kí a fi wé ẹ̀kọ tútù tí a rọ sínú igbá, tí a sì fi ọmọrí dé e. Bí ẹnìkan bá gbé igbá náà, tó mì ín jìgìjìgì, tó sì gbé e lulẹ̀ gbàgà, igbá lè má sán rárá, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ inú rẹ̀ yóò ti fọ́ yángá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ orí rí. Ọkọ̀ lè dúró lójijì kí orí ènìyàn jù síwá jù sẹ́yìn, kí ọpọlọ sì lọ lu eegun agbárí láti inú. Ẹ̀jẹ̀ lè má kán sílẹ̀ rárá. Nígbà mìíràn, ẹ̀jẹ̀ yóò máa dà sí abẹ́ agbárí, tàbí kí ọpọlọ máa wú, eegun kò sì mọ bí a ṣe ń fẹ̀ láti gba ohun tó ń wú sínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó dìde níbi jàǹbá tó ní “kò sí nǹkan tó ṣe mí” fi lè dákú ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn náà.

Jàǹbá ọkọ̀ ló ń fa púpọ̀ nínú èyí ní orílẹ̀-èdè wa, pàápàá jàǹbá ọ̀kadà. Àwọn agbẹ́mu ń já bọ́ lórí ọ̀pẹ, àwọn bíríkìlà ń ṣubú láti òkè ilé, àwọn ọmọdé ń já lórí igi máńgòrò, àwọn arúgbó ń yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀. Ti kùmọ̀ àti ìbọn kò yẹ kí n máa sọ. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọlọ́kadà tí kò dé akoto ní oṣù kìíní ọdún 2009. Àwọn ọlọ́kadà kan nígbà náà lọ gé igbá dé orí, àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà. Wọ́n fi ṣe àwàdà nínú ìwé ìròyìn títí. Ẹ̀rín ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n igbá tí a fi ń ṣe àpèjúwe agbárí lókè yìí náà ni wọ́n fẹ́ fi dáàbò bo agbárí.

Ní ọdún 1974, Graham Teasdale àti Bryan Jennett, àwọn dókítà méjì ní ìlú Glasgow ní ilẹ̀ Scotland, gbé òṣùwọ̀n kan jáde tí àwọn ilé ìwòsàn káàkiri ayé ṣì ń lò títí di òní. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wò lára ẹni tó fi orí pa: bí ó ṣe ń lajú, bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀, àti bí ó ṣe ń mira. Máàkì ojú jẹ́ 1 sí 4, ti ọ̀rọ̀ jẹ́ 1 sí 5, ti mímira jẹ́ 1 sí 6. Ẹni tó bá ní 15 ń gbádùn. Ẹni tó ní 3 kò lajú, kò fọhùn, kò mira. Wọ́n ń pe 13 sí 15 ní fẹ́ẹ́rẹ́, 9 sí 12 ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, 8 sí ìsàlẹ̀ ni èyí tó burú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí “fẹ́ẹ́rẹ́” yìí tàn yín jẹ. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní èyí tó fẹ́ẹ́rẹ́ ń gbádùn láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí orí kì í yéé fọ́ wọn, tí ìwé kò wọ̀ wọ́n lórí mọ́, tí a ó sì máa pè ní ọ̀lẹ.

Ọdún 1974 yìí kan náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Òdèkù kú. Awẹ́ ni wọ́n ti bí i ní 1927, òun sì ni dókítà oníṣẹ́-abẹ ọpọlọ tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ wa nígbà tí ó dé sí UCH, Ìbàdàn, ní 1962. Ẹ̀yin tó fẹ́ràn lítíréṣọ̀ yóò fẹ́ láti mọ̀ pé akéwì ni pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi ké tirẹ̀. Láti ìgbà rẹ̀ ni a ti ní ẹni tó lè ṣí agbárí ní ilẹ̀ Yorùbá, kí ó gbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú rẹ̀, kí ó sì dé e padà. Ẹni tó ń gba ẹbí lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá dé e padà tán ni a kò tíì ní tó.

OHUN TÓ KÙ LẸ́YÌN

Kí ni ẹ̀yin ará ilé yóò rí? Ó lè gbàgbé ohun tí ẹ bá a sọ ní àárọ̀ yìí, kí ó sì rántí orúkọ gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mẹ́rin láìparí ọ̀kan. Inú lè máa bí i lórí ohun tí kò tó nǹkan, kí ó sì máa sunkún ní ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn náà. Ẹni tó mọ ìtìjú tẹ́lẹ̀ lè máa sọ ìsọkúsọ níwájú àna rẹ̀. Òórùn lè má wọ̀ ọ́ nímú mọ́, kí ọbẹ̀ máa jóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ó má mọ̀. Àárẹ̀ lè máa mú un ní ọ̀sán gangan bí ẹni tó ro oko láti òwúrọ̀. Wárápá lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oṣù púpọ̀, àní lẹ́yìn ọdún. Èyí tó le jù ni pé òun fúnra rẹ̀ lè má mọ̀ pé òun ti yí padà. Ojú rẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ yí padà.

Ìtàn kan wà tí àwọn oníṣègùn kì í fi kọ́ ọmọ láì sọ. Phineas Gage ni olórí àwọn lébìrà tó ń la ojú irin rélùwéè ní Vermont, ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án ọdún 1848, ó ń fi ọ̀pá irin ki ẹ̀tù sínú àpáta nígbà tí ẹ̀tù gbiná. Ọ̀pá náà gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ. Ó wọlé láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ó gba àtàrí jáde, ó sì lọ bọ́ sílẹ̀ lókèèrè. Gage kò kú. Ó jókòó nínú kẹ̀kẹ́ ẹrù wọ ìlú, ó sì bá dókítà sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara rẹ̀ yá, àwọn tó gbà á síṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kọ̀ láti fi í ṣe olórí mọ́, nítorí ìwà rẹ̀ ti yàtọ̀; àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kì í ṣe Gage mọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dá ìtàn yìí dúró sí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ìdajì rẹ̀ ni. Ní 1852 Gage lọ sí ilẹ̀ Chile, ó sì wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tó ń kó èrò níbẹ̀ fún ọdún bíi méje. Iṣẹ́ yìí kò rọrùn: ó gbọ́dọ̀ jí ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, kí ó tọ́jú ẹṣin, kí ó kí èrò, kí ó gba owó, kí ó gba ojú ọ̀nà kan náà lọ bọ̀. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé bí ọjọ́ rẹ̀ ṣe ní ètò kan náà báyìí ló ràn án lọ́wọ́ láti tún ara rẹ̀ kọ́. Wárápá ló wá mú un lẹ́yìn náà, ó sì kú ní 1860. Èmi rò pé apá ti Chile yìí ló wúlò jù fún wa. Kò sí wẹ́fíà ní àkókò Gage. Ó kàn bọ́ sí iṣẹ́ tó bá a mu ni. Ohun tó bọ́ sí fún un ni ó yẹ kí a máa mọ̀ọ́mọ̀ ṣe fún àwọn ẹlòmíràn.

Nítorí ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé wa. Bíríkìlà kan wà ní àdúgbò tí mo ti dàgbà tó já láti òkè ilé alájà méjì. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ọsibítù, ó bọ̀ wálé, wọ́n sì ṣe ìdúpẹ́. Nígbà tí ó padà sẹ́nu iṣẹ́, kò lè ka iye orí-ọkọ̀ sìmẹ́ńtì tí òun ti dà mọ́ yanrìn mọ́. Ó bá gbogbo lébìrà rẹ̀ jà. Ó kó owó àjọ tó gbà fún ẹni tí kò rí rí. Kò pẹ́ tí àwọn onílé fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan ní ìyàwó rẹ̀ ló fi nǹkan sí i nínú oúnjẹ. Ẹbí ọkọ wá gbé e lọ sí ibi àdúrà kan tí wọ́n ti so ó mọ́lẹ̀. Ọdún kan àti oṣù mẹ́ta lẹ́yìn jàǹbá náà ni ìyàwó rẹ̀ pè mí nígbà ìsinmi. Ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣebí yunifásítì lo wà, bá mi wo ohun tó wà nínú ìwé yìí.” Ìwé tí wọ́n fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n kúrò ní ọsibítù ni, Gẹ̀ẹ́sì pátá. Ó wà níbẹ̀ pé kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí wọ́n sì lọ rí àwọn wẹ́fíà ilé ìwòsàn náà kí wọ́n tó lọ. Mo kà á fún un, mo ní, “Màmá, wọ́n ní kí ẹ lọ rí wẹ́fíà.” Ó ní, “Ta ló sọ fún mi?”

Ọ̀RỌ̀ ORÚKỌ

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí a bá pe àìsàn yìí ní wèrè, ibi tí wọ́n ń gbé wèrè lọ ni a ó gbé e lọ. Bí a bá pè é ní ọ̀dẹ̀ ṣíṣe, a ó fi ṣe ẹlẹ́yà. Bí a bá pè é ní iṣẹ́ ayé, a ó wá ẹni tó ṣe é, ìyàwó ló sì sábà máa ń sún mọ́ tòsí jù. Ìjọba pàápàá kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Títí di oṣù kìíní ọdún 2023 tí wọ́n fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, òfin ọdún 1958 tí a ń lò ní orílẹ̀-èdè yìí ní ọ̀rọ̀ wèrè gan-an nínú orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Nínú àròkọ yìí, “ìfarapa ọpọlọ” ni mò ń lò. Mo fara mọ́ ọn nítorí pé ìfarapa ní ìbẹ̀rẹ̀ tí gbogbo ènìyàn lè tọ́ka sí: ó já, ọkọ̀ gbá a, igi wó lù ú. Kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó sì sọ fún ẹni tó gbọ́ ọ pé ọgbẹ́ ni, ọgbẹ́ sì ń fẹ́ ìtọ́jú àti àkókò.

KÍ NI WẸ́FÍÀ Ń ṢE?

Àwọn ilé ìwòsàn ńláńlá tó jẹ́ ti àwọn yunifásítì wa, bíi UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Èkó àti èyí tó wà ní Ilé-Ifẹ̀, ní ẹ̀ka tí àwọn òṣìṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn ń jókòó sí. Ọ̀pọ̀ èrò rò pé àwọn tó ń bá ẹni tí kò lówó bẹ àwọn ọ̀gá ni wọ́n. Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kéré nínú iṣẹ́ wọn.

Nígbà tí wọ́n bá gbé ẹni tó dákú wọlé láti ojú títì, tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, wẹ́fíà ló ń wá ẹbí rẹ̀ kiri. Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó máa lọ sílé, wẹ́fíà ló yẹ kó béèrè pé: Ta ni yóò wà pẹ̀lú rẹ̀ lọ́sàn-án? Ṣé kànga àdúgbò ní ìdérí? Ṣé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń sùn? Ta ní ń dáná, ta ní ń tọ́jú owó? Òun ló yẹ kó lọ bá ọ̀gá ibi iṣẹ́, kó ṣàlàyé pé ọkùnrin yìí lè ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́ta lójúmọ́ ná, bí ẹnìkan bá ń kọ ohun tí yóò ṣe sílẹ̀ fún un, kí wọ́n má tíì fún un ní ẹ̀rọ tó léwu. Ó yẹ kí ó bá ẹgbẹ́ oníṣẹ́-ọwọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Ní ilẹ̀ wa, ẹgbẹ́ bíríkìlà, ẹgbẹ́ télọ̀, ìjọ, mọ́ṣáláṣí àti ẹgbẹ́ alájọ ń ṣe púpọ̀ nínú ohun tí ọ́fíìsì ìjọba ń ṣe níbòmíràn. A mọ ọ̀wẹ̀, a mọ àáró. Ẹgbẹ́ tó lè yan ọmọṣẹ́ kan ti ọ̀gá tó fara pa, kí ó máa bá a ka sìmẹ́ńtì, ti ṣe iṣẹ́ wẹ́fíà tán láìgba owó oṣù.

Ẹni tí a máa ń gbàgbé jù ni olùtọ́jú. Ìyàwó, ìyá tàbí ọmọbìnrin àgbà ló sábà máa ń jẹ́. Kò sùn lóru, kò lè lọ sọ́jà lọ́sàn-án, ẹni tó ń tọ́jú sì lè bú u láti àárọ̀ di alẹ́. Ó ń ṣọ̀fọ̀ ẹni tí kò kú, kò sì sí ẹni tó ń kí i pé ó kú ọ̀fọ̀. Wẹ́fíà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò béèrè bí olùtọ́jú ṣe ń jẹun, yóò sì wá ẹbí tó lè gba iṣẹ́ náà ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ kí ó lè sinmi. Yóò sọ fún ẹbí ọkọ, láìfi epo bọ iyọ̀, pé ìṣubú ló fa ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe oúnjẹ.

Àwọn Yorùbá tó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú ènìyàn ní London pọ̀, wọn yóò sì lè jẹ́rìí sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ní ilẹ̀ England, òfin ọdún 2014 kan lórí ìtọ́jú fún olùtọ́jú ní ẹ̀tọ́ pé kí ìjọba ìbílẹ̀ wá yẹ ọ̀rọ̀ òun alára wò, yàtọ̀ sí ti aláìsàn. Ẹgbẹ́ kan tún wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Headway, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979 fún àwọn tó ní ìfarapa ọpọlọ àti ẹbí wọn. Ní 2017, wọ́n gbé káàdì kan jáde tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fi sápò, kí ó fi han ọlọ́pàá tó bá rò pé ó ti mutí yó nítorí pé ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tàbí pé ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ rò ó wò ní ojú ọ̀nà tiwa, níbi tí sójà àti ọlọ́pàá ti ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn, tí ẹni náà kò sì lè tètè fèsì. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ kò wọ́n rárá.

ÀWỌN ÒFIN TÓ YẸ KÍ ẸBÍ MỌ̀

Òfin ìlera ọdún 2014 kà á léèwọ̀ fún ilé ìwòsàn láti lé ẹni tó wà nínú ewu ẹ̀mí padà, yálà ó lówó lọ́wọ́ tàbí kò ní. Ti ẹni tí ìbọn bà ní òfin tirẹ̀ ní 2017: kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, ìbáà wá pẹ̀lú ìwé ọlọ́pàá tàbí láìsí. Òfin adójútòfò ìlera ti 2022 dá àpò kan sílẹ̀ fún àwọn tí kò lè san owó.

Fún ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá, òfin owó gbà-má-bínú ti 2010 wà. Ọ̀gá ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àjọ NSITF. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀gá láàrin ọjọ́ 14, ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí àjọ láàrin ọjọ́ 7, ìbéèrè owó sì gbọ́dọ̀ wọlé láàrin ọdún kan. Jàǹbá tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà láti ilé lọ sí ibi iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ rántí ìyá tó di ìwé rẹ̀ mú fún ọdún kan àti oṣù mẹ́ta. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ ní ọ̀gá, àkókò ti lọ.

Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ fọwọ́ sí òfin tó lòdì sí fífi ọwọ́ rọ́ àwọn àkàndá sẹ́yìn. Èkó ti ní tirẹ̀ láti 2011, tó dá àjọ LASODA sílẹ̀. Òfin ti 2019 ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba fi ó kéré tán ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún àyè iṣẹ́ sílẹ̀ fún àkàndá. Ẹni tó bá rọ́ wọn sẹ́yìn yóò san ₦100,000, ilé iṣẹ́ yóò san ₦1,000,000. Ìtumọ̀ àkàndá nínú òfin náà kò mọ sí afọ́jú, adití àti arọ. Àìpé ti iyè inú wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó ní ìfarapa ọpọlọ tó ti pẹ́ lára lè sọ pé tòun ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara rẹ̀ dá ṣáká lójú, ó nílò ìwé dókítà, wẹ́fíà ló sì mọ bí a ṣe ń béèrè rẹ̀.

NÍ ILÉ

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú ohun tí ẹbí lè ṣe, nítorí ibí ni ọ̀pọ̀ ìwé kì í dé. Ẹni tó bá fi orí gbá nǹkan, ẹ máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ kan sí méjì. Bí ó bá ń bì léraléra, bí orí fífọ́ rẹ̀ bá ń le sí i, bí ọmọlójú kan bá tóbi ju èkejì, bí omi tàbí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde ní etí tàbí imú, bí oorun rẹ̀ kò bá ṣe é jí, ọsibítù ni o, kíákíá. Ẹ má da omi tàbí àgbo sí ẹnu ẹni tó dákú. Ẹ má sì fa ọrùn rẹ̀ kiri níbi tí ẹ ti ń gbé e jù sínú ọkọ̀.

Lẹ́yìn tí ó bá ti wálé, ètò ni oògùn. Kí jíjí, oúnjẹ àti sísùn wà ní àkókò kan náà. Ẹ ra ìwé kékeré kan fún un, kí ó máa kọ ohun tó fẹ́ ṣe sí i, kí ẹni tí kò mọ̀wé máa ya àwòrán. Ẹ sọ ohun kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: “Bàbá, ẹ lọ wẹ̀.” Bí ó bá wẹ̀ tán, ẹ wá sọ ti aṣọ. Bí inú bá ń bí i, ẹ pa rédíò, ẹ kó àwọn ọmọ síta, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tútù ní í yọ obì lápò. Kí owó ńlá má sí lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí àgbàlagbà ni. Ẹ má ṣe gbogbo nǹkan fún un. Ọtí kò dára fún un rárá, ìbáà ṣe ẹmu. Bí wárápá bá gbé e, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu; bí ó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ àròkọ yìí, mo rò pé ti àwọn oníṣègùn àti ti àwọn tó ń kọ́ nípa ìgbáyé-gbádùn ni. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí mo kà fún ìyá yẹn ló jẹ́ kí n rí i pé iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún ẹ̀ka tiwa. Èmi àti àwọn mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ yìí ti kọ ojú ewé kan ní Yorùbá tí ilé ìwòsàn lè fún ẹbí lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń lọ sílé. Ibi tó ta kókó jù ni orúkọ ohun tó ń ṣe ẹni tó fi orí gbá ògiri, tó dákú fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tó sì jí. Ọ̀kan nínú wa ní kí a pè é ní “ìmìtìtì ọpọlọ”. Èkejì ní èyíinì dún bí ìmìtìtì ilẹ̀, pé ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé agbárí ti wó. A fi í sí “ọpọlọ mímì” ná. A kà á fún ìyá tó ń ta àmàlà lẹ́yìn gbọ̀ngàn wa. Gbogbo rẹ̀ yé e àfi ibi tí a ti kọ “àdínkù ìrántí”. Ó ní, “Ṣé pé ó ń gbàgbé nǹkan ni?” A pa á rẹ́, a kọ ohun tí ó sọ. Ẹ̀dà ojú ewé náà wà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju tiwa lọ, kí ó fi bírò kọ ọ́ sí etí rẹ̀.